Iṣẹ́-Àyànmọ́ àti Ìmọ̀ọ́ṣe: Ọ̀nà Méjì tí Ẹ̀dá-Ìtàn ń Gbà Gòkè nínú Eré Ìgbáwọ̀wọ̀ Orí Ayélujára

1.0 Ìfáárà

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń kó olùtumọ̀ sí wàhálà ni "class". Ní ilé-ìwé, kíláàsì ni ó ń jẹ́. Nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ó di ipò tàbí ẹgbẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọlọ́lá àti àwọn mẹ̀kúnnù. Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, ìsọ̀rí ni àwọn onímọ̀ èdè fi ń pè é, tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀rọ̀-orúkọ jẹ́ ìsọ̀rí kan, ọ̀rọ̀-ìṣe sì jẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹyọ kan kò bá a mu nínú gbogbo ìtumọ̀ wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni inú eré orí kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jùmọ̀ ń ṣe lórí ayélujára, níbi tí olúkúlùkù ti ń gbé àwọ̀ ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, tí ẹ̀dá náà sì ń lágbára sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́.

Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ọ̀nà pàtàkì méjì ni ẹ̀dá-ìtàn ń gbà gòkè. Ọ̀nà kìíní dá lórí iṣẹ́ kan tí a yàn mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kejì dá lórí àwọn ohun tí ẹ̀dá náà kọ́ láti máa ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ní ọdún 2005, àwọn tí ó ni ọ̀kan nínú àwọn eré náà pa ọ̀nà kejì tì, wọ́n sì fi ọ̀nà kìíní rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ọdún méjì kọ́ jọ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Olùtumọ̀ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó dá dúró fún ọ̀nà méjèèjì kò lè ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí kí ó yé ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ohun méjì ni ó pín àwọn ọ̀nà náà níyà: ìgbà tí yíyàn ń wáyé, àti bóyá yíyàn náà ṣeé yí padà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá fúnra rẹ̀ fi èyí hàn. Láti dé ibẹ̀, a ó kọ́kọ́ ṣàlàyé irú eré tí ọ̀rọ̀ kàn, lẹ́yìn náà ni a ó yẹ ọ̀rọ̀ wò, kí á tó wo bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́.

2.0 Irú Eré tí Ọ̀rọ̀ Kàn

Orí tábìlì ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé orí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì, gbé Dungeons & Dragons jáde. Ènìyàn díẹ̀ yóò jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan nínú wọn yóò máa darí ìtàn. Àwọn yòókù yóò gbé àwọ̀ jagunjagun tàbí oṣó wọ̀, wọn yóò sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe. Dáìsì ni wọ́n ń jù láti mọ̀ bóyá ohun náà yọrí sí rere tàbí kò yọrí. Ní ọdún 1978, Roy Trubshaw, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò MUD, eré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí kọ̀ǹpútà. Richard Bartle, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, bá a ṣe é. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi ń parí lọ, àwòrán ti dé, ayélujára sì ti so ilé pọ̀ mọ́ ilé, débi pé ẹni tí ó wà ní ìlú kan lè bá ẹni tí ó wà lókè òkun jagun nínú ìlú tí kò sí níbì kankan.

"Eré ìgbáwọ̀wọ̀" ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí lò fún irú eré bẹ́ẹ̀. Inú àpólà "gbé àwọ̀ wọ̀" ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn apàlọ́ ti máa ń sọ pé ẹranko kan gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ kí ó lè ná ọjà. Ẹni tí ó ń ṣe eré náà ni "eléré". A kò pè é ní òṣèré, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti àwọn onítíátà. Ní ti "ẹ̀dá-ìtàn", ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti ń lò ó, kò sì sí ìdí láti wá òmíràn. Ìyàtọ̀ kan ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn: ẹ̀dá-ìtàn inú ìwé ti parí kí òǹkàwé tó ṣí ìwé, ṣùgbọ́n ti inú eré kò tíì parí, ọwọ́ eléré ni yóò ti parí.

Nọ́ńbà ni eré fi ń wọn ìdàgbà ẹ̀dá-ìtàn. Bí nọ́ńbà náà ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ yìí pè ní "ìgòkè". A kò lo "ìdàgbàsókè", nítorí pé ó ti fẹ̀ jù. Ó ti di ti ìlú, ti ọrọ̀-ajé àti ti ọmọ títọ́. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan nínú ìgòkè ni "ìpele". Ohun tí ẹ̀dá ń kó jọ nígbà tí ó bá pa ọ̀tá tàbí tí ó bá parí iṣẹ́, èyí tí yóò gbé e dé ìpele tí ó kàn, ni "àmì-ìrírí". Ibi tí eré bá ti pàṣẹ pé kò sí gígòkè mọ́ ni "gbèdéke".

3.0 Wíwá Ọ̀rọ̀ fún "Class" àti "Skill"

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ó kọ́kọ́ sún mọ́ni nígbà tí a bá ń wá ohun tí a ó pe "class" nínú eré wọ̀nyí, ẹ̀bù sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Kíláàsì" yóò gbé ọkàn òǹkàwé lọ sí ilé-ìwé. "Ẹgbẹ́" kò ṣeé lò, nítorí pé àwọn eléré a máa kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ nínú eré náà, pẹ̀lú olórí àti òfin tiwọn, ẹgbẹ́ yẹn sì ni ẹgbẹ́ gidi. "Ìran" náà ti ní iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé eléré a máa yan ìran tí ẹ̀dá rẹ̀ ti wá, bóyá ènìyàn ni tàbí iwin tàbí àràrá. "Iṣẹ́-ìdílé" dùn létí Yorùbá. A mọ̀ pé orúkọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn ń tọ́ka sí ilé onílù, Ọ̀nà sí ilé oníṣọ̀nà, Ọdẹ sí ilé ọdẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá-ìtàn kò jogún iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ bàbá kankan. "Iṣẹ́-àyàn" ni ó tún kàn, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ti jáde lẹ́nu, ìlù ni Yorùbá yóò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí dábàá ni "iṣẹ́-àyànmọ́". Ìtumọ̀ rẹ̀ hàn nínú ìhun rẹ̀: à- tí ó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, "yàn", àti "mọ́". "Yàn" sọ pé yíyàn wáyé. "Mọ́" sọ pé ohun tí a yàn náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀dá, kò sì ṣeé bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀wù. Ẹnì kan lè sọ pé "àkúnlẹ̀yàn" ni ó tọ́, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé eléré fúnra rẹ̀ ni ó yàn. Èsì rẹ̀ ni pé eléré kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣàpèjúwe, ẹ̀dá-ìtàn ni. Eléré ni ó yàn, orí ẹ̀dá-ìtàn ni a sì yàn án lé. Lójú ẹ̀dá náà, bí ó bá ní ojú, ẹlòmíràn ti yàn án mọ́ ọn kí ó tó délé ayé. Àwọn àgbà ní àyànmọ́ kò gbóògùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú irú eré yìí, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀dá rẹ̀ bá sú yóò dá ẹ̀dá mìíràn, yóò sì padà sí ìpele kìíní.

Ní ti "skill", "ọgbọ́n" ti gbòòrò jù, "ẹ̀bùn" sì jẹ́ ohun tí a bí mọ́ni, ó sì jẹ́ òdì-kejì ohun tí à ń wá. "Iṣẹ́-ọwọ́" kò gba ọfọ̀ pípè tàbí ọjà títà mọ́ra. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní àpẹẹrẹ kan tí ó dára púpọ̀ nínú "ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà", ọ̀rọ̀ tí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Bí mímọ̀ ọ́n kọ bá lè di ìmọ̀ọ́kọ, mímọ̀ ọ́n ṣe lè di "ìmọ̀ọ́ṣe". Ọ̀rọ̀ náà ní àǹfààní kan sí i: kò sí ẹni tí a bí ìmọ̀ọ́kọ mọ́. Kíkọ́ ni ènìyàn ń kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ọ́ṣe.

Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kìíní di "ìgòkè oníṣẹ́-àyànmọ́", ọ̀nà kejì sì di "ìgòkè onímọ̀ọ́ṣe".

4.0 Ìgòkè Oníṣẹ́-Àyànmọ́

Dungeons & Dragons ti 1974 ni baba ọ̀nà yìí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: jagunjagun, oṣó àti àlùfáà. Nígbà tí EverQuest jáde lórí ayélujára ní oṣù kẹta ọdún 1999, iṣẹ́-àyànmọ́ 14 ni ó fi síwájú eléré, gbèdéke ìpele rẹ̀ nígbà náà sì jẹ́ 50. Ẹnu ọ̀nà ni eléré ti ń bá ìbéèrè pàdé: kí ni ẹ̀dá yìí yóò jẹ́? Kò tíì mọ bí ayé inú eré ti rí tí yóò fi dáhùn.

Ohun tí ìdáhùn náà ń ṣe hàn kedere nínú World of Warcraft, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004 pẹ̀lú iṣẹ́-àyànmọ́ 9 àti gbèdéke ìpele 60. Iṣẹ́ ni ó ń sọ irú ohun ìjà tí ẹ̀dá lè gbé, irú ẹ̀wù tí ó lè wọ̀, àti ọfọ̀ tí ó lè pè. Aṣọ lásán ni oṣó ń wọ̀ títí ayé rẹ̀. Nínú eré ti 2004, jagunjagun ń wọ ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n irin láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé ìpele 40, ó lè gbé ẹ̀wù irin gidi wọ̀. Kò sí bí oṣó ṣe lè fi ìrírí rà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ ti apá kan nínú apá méjì tí ó ń bá ara wọn jagun nínú eré náà, iṣẹ́ mìíràn sì jẹ́ ti apá kejì nìkan. Ọdún 2007 ni wọ́n tó mú ìdènà yẹn kúrò. Iye iṣẹ́ náà ti di 13 ní ọdún 2022. Iṣẹ́ tuntun wọ inú eré, ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí ó ti ní iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò lè bọ́ sínú rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ rò pé kò sí yíyàn mìíràn lẹ́yìn ti ẹnu ọ̀nà. Nínú World of Warcraft ti 2004, láti ìpele 10 títí dé 60, ẹ̀dá ń gba àmì kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 51, tí eléré lè pín bí ó ti wù ú. Ó tún lè san owó inú eré kí ó gbà wọ́n padà, kí ó tún wọn pín. Síbẹ̀ inú ọgbà iṣẹ́ kan náà ni gbogbo pípín yìí wà.

Àǹfààní ọ̀nà yìí pọ̀ níbi tí ènìyàn púpọ̀ bá ti pàdé. Nínú EverQuest, ẹni 6 ni ó lè wà nínú ọ̀wọ́ kan. Ẹnì kan yóò dúró níwájú gba lílù, ẹnì kan yóò máa wo ọgbẹ́, ẹnì kan yóò máa fi ọfọ̀ mú ọ̀tá sùn, àwọn yòókù yóò sì máa pa á. Àwọn tí kò mọ ara wọn rí lè jùmọ̀ jagun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé orúkọ iṣẹ́ ti sọ ohun tí olúkúlùkù mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ẹni tí ó tó tán, nítorí náà àwọn ènìyàn nílò ara wọn. Ibi tí àǹfààní náà ti wá ni àléébù rẹ̀ ti wá: bí oníwòsàn bá ṣọ̀wọ́n ní ọjọ́ kan, ẹni márùn-ún yóò jókòó máa retí ẹnì kan.

5.0 Ìgòkè Onímọ̀ọ́ṣe

Ọ̀nà yìí náà ní gbòǹgbò lórí tábìlì. Nínú RuneQuest, tí ó jáde ní ọdún 1978, ẹ̀dá kì í gun ìpele. Ìmọ̀ọ́ṣe kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀dá tí ó bá lo ìmọ̀ọ́ṣe kan tí ó sì yọrí sí rere ní àǹfààní láti ju dáìsì lẹ́yìn ìrìn-àjò, láti mọ̀ bóyá ìmọ̀ọ́ṣe náà yóò lé sí i. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni lílé rẹ̀ ṣe ń ṣòro tó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ iṣẹ́ rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí: ohun tí ọmọ-ọ̀ṣẹ́ ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá lè lo ọdún kan kí ó tó rí irú rẹ̀ kọ́ mọ́ ọn.

Lórí ayélujára, ẹ̀yà mẹ́ta ni ọ̀nà yìí pín sí, kò sì yẹ kí olùtumọ̀ kó wọn pọ̀.

Ẹ̀yà kìíní ni ti ìlò. Nínú Ultima Online, tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, ẹ̀dá tí ó ń fi idà jà ń mọ idà lò sí i, èyí tí ó ń rọ irin ń mọ irin rọ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, gbèdéke ìmọ̀ọ́ṣe kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100, ṣùgbọ́n gbèdéke àpapọ̀ gbogbo wọn jẹ́ 700. Ìyẹn ni pé ẹ̀dá kan lè di ọ̀gá pátápátá nínú ìmọ̀ọ́ṣe méje, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti dé 700 tí ó sì tún fẹ́ kọ́ òmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀kan nínú ti àtijọ́ dín kù. Àwọn olùṣètò eré náà fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe kọ̀ọ̀kan kí eléré lè pàṣẹ pé kí èyí lé, kí èyí dín, kí èyí dúró sójú kan. Ìgbàgbé di apá kan ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yà kejì ni ti àmì-ìrírí tí ó dá lórí ìmọ̀ọ́ṣe kọ̀ọ̀kan. RuneScape, tí Andrew Gower bẹ̀rẹ̀, tí ó sì jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní ọdún 2001, ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹja pípa ní ìpele tirẹ̀, igi gígé ní tirẹ̀, oúnjẹ sísè ní tirẹ̀, láti 1 dé 99, ẹ̀dá kan náà sì lè gun gbogbo wọn. Àmì 83 péré ni ó gbé ẹ̀dá dé ìpele kejì. Àmì 13,034,431 ni ìpele 99 ń gbà. Ní ìpele 92, àmì tí ẹ̀dá ti kó jọ jẹ́ 6,517,253. Ẹni tí ó rò pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìdajì ọ̀nà ni.

Ẹ̀yà kẹta ni ti àkókò. Nínú EVE Online, tí ilé-iṣẹ́ CCP ní ilẹ̀ Iceland gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2003, eléré yóò to ìmọ̀ọ́ṣe tí ó fẹ́ kọ́ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ náà yóò sì máa lọ bí eléré tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ó lọ sùn. Ìpele 5 ni ìmọ̀ọ́ṣe kọ̀ọ̀kan ní. Fún èyí tí ó rọrùn jù lọ, àmì 250 ni ìpele kìíní ń gbà. Àpapọ̀ àmì ní ìpele kẹrin jẹ́ 45,255, ní ìpele karùn-ún ó jẹ́ 256,000. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn nìkan ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ìrìn náà lọ. Láti ọdún 2016, wọ́n tilẹ̀ gba eléré láàyè láti yọ lára àmì ẹ̀dá rẹ̀ kí ó tà á fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, "àmì-ìrírí" kò bá eré yìí mu rárá, nítorí pé ìrírí kì í ṣe ohun tí a ń kó lọ sí ọjà. "Àmì-ìmọ̀ọ́ṣe" ni kí olùtumọ̀ lò níbẹ̀.

6.0 Òmìnira àti Ààlà Rẹ̀

Wọ́n sábà máa ń sọ pé ìgòkè onímọ̀ọ́ṣe fún eléré ní òmìnira, ti iṣẹ́-àyànmọ́ sì dè é. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Nígbà tí a bá sọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pé kí olúkúlùkù yan méje nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìmọ̀ọ́ṣe, kì í pẹ́ tí àwọn tí ó mọ ìṣirò yóò fi rí méje tí ó lágbára jù. Ní ìgbà ìjímìjí Ultima Online, àwọn eléré ṣàwárí pé ẹ̀dá tí ó mọ ọfọ̀ pè tí ó sì tún mọ ohun ìjà ńlá lò ń borí ọ̀pọ̀lọpọ̀, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé ipa ọ̀nà náà. Iṣẹ́-àyànmọ́ tí olùṣètò kò kọ sílẹ̀, àwọn eléré fúnra wọn kọ ọ́.

Ewu kejì ni pé ibi tí ìlò bá ti ń mú ìmọ̀ọ́ṣe lé, àwọn kan yóò máa lò ó láìnídìí. Àwọn eléré kan gbé ètò kọ̀ǹpútà kalẹ̀ tí ó ń ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe nígbà tí àwọn fúnra wọn ti lọ sùn. Nọ́ńbà lé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ ohunkóhun.

Ní ìdà kejì, iṣẹ́-àyànmọ́ a máa dáàbò bo ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò lè ṣìnà jìnnà, nítorí pé wọ́n ti la ọ̀nà fún un. Nínú eré onímọ̀ọ́ṣe, àlejò lè pín agbára rẹ̀ káàkiri, kí ó sì bá ara rẹ̀ láìmọ ohun kan dáadáa. Àṣìṣe tirẹ̀ ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n yóò náwó àkókò. Àṣìṣe ti iṣẹ́-àyànmọ́ kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì ti wáyé, ẹ̀dá mìíràn ni àtúnṣe rẹ̀.

7.0 Ohun tí Ó Ṣẹlẹ̀ sí Star Wars Galaxies

Eré kan ṣoṣo tí ó ti gba ọ̀nà méjèèjì kọjá ni ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn jù lọ. Star Wars Galaxies jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2003. Raph Koster, tí ó ti ṣe aṣáájú àwọn olùṣètò Ultima Online, ni ó jẹ́ olùdarí èrò rẹ̀. Àmì 250 ni ẹ̀dá ní láti fi ra ìmọ̀ọ́ṣe. Àwọn ìmọ̀ọ́ṣe náà wà ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ tí ó lé ní 30: ìwòsàn, ìbọn yíyìn, ẹranko títù, aṣọ rírán, ilé yíyà, ijó jíjó. Ẹni tí ọ̀kan bá sú lè jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó gba àmì rẹ̀ padà, kí ó sì lọ kọ́ òmíràn, láìfi ẹ̀dá rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀dá tí kò gbé ìbọn rí lè ní ìyì nínú ayé náà. Ẹni tí ó bá ti ojú ogun dé a máa ní àárẹ̀ ọkàn tí oògùn kò lè wò. Ilé ọtí ni yóò lọ, kí ó jókòó wo oníjó tàbí kí ó gbọ́ olórin, kí ara rẹ̀ tó mókun. Oníjó yẹn, eléré kan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fẹ́ràn láti máa jó. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ ni kí ẹ̀dá di Jedi, akọni tí àwọn fíìmù Star Wars sọ di olókìkí. Kò sí ẹni tí ó lè yàn án ní ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ tí ó gùn, tí ó sì nira, ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ tí ó ni eré náà pa ètò yìí rẹ́. Iṣẹ́-àyànmọ́ 9 ni wọ́n fi dípò rẹ̀, Jedi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní òwúrọ̀ lè yàn. Ẹranko títù kò sí mọ́. Ẹni tí ó mọ aṣọ rán díẹ̀, tí ó mọ ìbọn yìn díẹ̀, tí ó sì fi èyí ṣe ara rẹ̀ ní ọ̀tọ̀, gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀kan nínú àpótí mẹ́sàn-án. Ohùn àwọn eléré ga, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi eré náà sílẹ̀. Eré náà kò kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2011. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kan ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ó jí irú eyí tí ó wà ṣáájú àyípadà náà dìde.

Kí ni ó dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tí wọ́n gba owó gidi kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Àwọn ẹ̀dá náà kò kú, orúkọ wọn kò yí padà. Ohun tí ó yí padà ni ìdáhùn sí ìbéèrè pé, ta ni ẹ̀dá yìí? Ṣáájú, ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó ti ṣe. Lẹ́yìn náà, ìdáhùn rẹ̀ di ohun tí wọ́n ní kí ó jẹ́. Ìmọ̀ọ́ṣe di àyànmọ́. Bí a bá fi "kíláàsì" sọ ìtàn yìí, yóò dà bí ẹni pé wọ́n dín kíláàsì 30 kù sí 9, kò sì ní yé ẹnikẹ́ni ìdí tí ènìyàn yóò fi bínú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

8.0 Àwọn Eré tí Ó Wà Láàárín

Kò sí ògiri láàárín ọ̀nà méjèèjì. Nínú EverQuest tí ó jẹ́ oníṣẹ́-àyànmọ́, ìmọ̀ọ́ṣe bí idà lílò ń fi ìlò lé sí i, bí ìpele àti iṣẹ́ bá ti gbà á láàyè. Nínú World of Warcraft, jagunjagun lè kọ́ irin rírọ tàbí aṣọ rírán, kí ó sì pa á tì fún òmíràn nígbà tí ó bá wù ú. Iṣẹ́ jagunjagun jẹ́ àyànmọ́. Irin rírọ jẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe. Ara ẹ̀dá kan ni méjèèjì wà.

Final Fantasy XIV, nínú àtúnṣe rẹ̀ tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, tilẹ̀ gbé ìṣòro mìíràn kalẹ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìpele tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀dá bá ti pààrọ̀ ohun ìjà tàbí irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Ẹ̀dá kan ṣoṣo lè mọ gbogbo iṣẹ́ inú eré náà. Níhìn-ín, "mọ́" inú "àyànmọ́" ti di irọ́. "Iṣẹ́-àpààrọ̀" ni iṣẹ́ yìí dábàá fún irú rẹ̀. Pé ọ̀rọ̀ náà kọ̀ láti bá eré yìí mu jẹ́ ẹ̀rí pé ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó bá gba ohun gbogbo mọ́ra kò pín nǹkan kan níyà.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Olùtumọ̀ tàbí olùkọ́ tí ó bá pàdé eré tí iṣẹ́ yìí kò dárúkọ lè fi ìbéèrè méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Èkíní: ìgbà wo ni yíyàn wáyé, ṣé ní ẹnu ọ̀nà ni, tàbí lẹ́nu iṣẹ́? Èkejì: bí eléré bá fẹ́ yí yíyàn náà padà, ṣé ẹ̀dá kan náà ni yóò máa lò? Bí yíyàn bá wáyé ní ẹnu ọ̀nà tí kò sì ṣeé yí padà, iṣẹ́-àyànmọ́ ni. Bí ó bá wáyé lẹ́nu iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, ìmọ̀ọ́ṣe ni. Bí iṣẹ́ bá wà tí ó sì ṣeé bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́-àpààrọ̀ ni. Àwọn eléré tí ó fi Star Wars Galaxies sílẹ̀ ní 2005 kò nílò ọ̀rọ̀-ìperí kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n pàdánù. Ẹni tí yóò sọ ìtàn wọn ní Yorùbá ni ó nílò rẹ̀.

Àkójọ Ọ̀rọ̀

Àmì-ìmọ̀ọ́ṣe: àmì tí a ń kà sí ìmọ̀ọ́ṣe kan, tí ó ń wá nípa àkókò tàbí nípa rírà.
Àmì-ìrírí: àmì tí ẹ̀dá-ìtàn ń kó jọ nípa ohun tí ó ṣe, tí ó ń gbé e láti ìpele kan dé òmíràn.
Ẹ̀dá-ìtàn: ẹni tí eléré gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀ nínú eré.
Eléré: ẹni tí ó ń ṣe eré ìgbáwọ̀wọ̀.
Eré ìgbáwọ̀wọ̀: eré tí olúkúlùkù ti ń gbé àwọ̀ ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀.
Gbèdéke: ibi tí ìgòkè ti dópin nípa òfin eré.
Ìgòkè: bí agbára tàbí ìmọ̀ ẹ̀dá-ìtàn ṣe ń pọ̀ sí i.
Ìmọ̀ọ́ṣe: ohun kan tí ẹ̀dá-ìtàn kọ́ láti ṣe, tí ó ní ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀.
Ìpele: àtẹ̀gùn kan nínú ìgòkè.
Iṣẹ́-àpààrọ̀: iṣẹ́ tí ẹ̀dá-ìtàn lè bọ́ sílẹ̀ kí ó gbé òmíràn wọ̀.
Iṣẹ́-àyànmọ́: iṣẹ́ tí a yàn mọ́ ẹ̀dá-ìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ṣeé yí padà.